Àtẹ̀gùn Ìgbín Tí Mo Yà fún Màmá Ẹ̀pẹ́

Kò sí ẹni tó ti ìyá bàbá mi mọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ikán ló tì wọ́n mọ́bẹ̀. Àtẹ̀gùn onípákó tó wà nínú ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́ dàgbà ju bàbá mi lọ, ikán sì ti ń jẹ ẹ́ láti inú láìjẹ́ kó hàn sóde. Lọ́jọ́ tí pákó kan dá mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́sẹ̀, tí wọ́n fi orúnkún gbálẹ̀, ni gbogbo wa tó mọ̀ pé ọ̀dà lásán ló so àtẹ̀gùn náà ró. Àwa tí ara wa le ṣì ń rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ ògiri gòkè, àmọ́ Màmá Ẹ̀pẹ́, bí àwa ọmọ ọmọ ṣe ń pè wọ́n, kò lè gba ibẹ̀ mọ́. Àrùn ẹ̀gbà ti mú apá òsì wọn ní ọdún tó ṣáájú. Ẹsẹ̀ òsì ṣì ń gbé wọn, àmọ́ wíwọ́ ni wọ́n ń wọ́ ọ, ọwọ́ òsì kò sì lè di nǹkan kan mú. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo agbára wọn wà, agbára náà kò sì kéré. Bí Màmá bá fi ọwọ́ náà gbá ọ létí, wàá mọ̀ pé àrùn ò dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ilé, ní kí àwọn géńdé méjì gbé Màmá lórí àga, kí wọ́n gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí Màmá sì máa gbé yàrá ìsàlẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni. Màmá kọ̀ jálẹ̀.

“Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé ìyá ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé yìí,” ni Màmá wí. “Ojú mi náà ni wọ́n ṣe gbé bàbá yín sọ̀ kalẹ̀. Kò sí èyí tó padà gòkè nínú àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ gbé mi, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ìgbà tí n kò bá lè sọ pé rárá mọ́, ẹ ó gbé mi.”

Ohun tí Màmá ń fẹ́ kò sì pọ̀. Ẹ̀yìn pálọ̀ ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ibi tí àtẹ̀gùn ti ń bẹ̀rẹ̀, ni ibojì ọkọ wọn wà, tí a fi sìmẹ́ǹtì bò, tí a kùn ní funfun. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Màmá máa ń tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á ka Fátíhà, wọ́n á sì ròyìn ilé fún un: ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́n. Láti ìgbà tí àtẹ̀gùn ti bàjẹ́, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń rán. “Ẹ bá mi kí bàbá yín nísàlẹ̀.” Àwọn ọmọdé á dé ibẹ̀, wọ́n á sọ pé, “Màmá ní ká kí yín o,” wọ́n á sì sá lọ ṣeré. Iléyá sì ń bọ̀. Àárọ̀ Iléyá ni gbogbo ilé máa ń dúró yí ibojì náà ká láti gbàdúrà kí a tó kírun, kí a tó dúńbú àgbò. Màmá kò tíì pa á jẹ rí, wọ́n sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn dé ibẹ̀.

Èmi nìkan ni mo mọ̀ nípa yíya ilé nínú ẹbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì ni, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìyàwòrán ilé kan ní Itamaga, ní Ìkòròdú, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀gá mi, ọ̀kan fún èmi àti eruku. Àwọn ọdún yẹn, dísíkẹ́ẹ̀tì la ṣì fi ń gbé iṣẹ́ kiri, ẹni tó bá ní fúláàṣì ti di ẹni ńlá. Bí wọ́n bá mú iná lọ kí o tó tọ́jú iṣẹ́ rẹ, gbogbo rẹ̀ ti di òfo nìyẹn. Mo bínú sí iná àìmọye ìgbà níbẹ̀ débi pé ọ̀gá mi ń pè mí ní ìyàwó Ṣàngó.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, a gba Itoikin kọjá, mo lọ wọn ibẹ̀. Àtẹ̀gùn àtijọ́ ga gọ̀gọ̀rọ̀ bí àkàbà ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi gba àyè púpọ̀. Èyí tó bá máa rọ Màmá lọ́rùn gbọ́dọ̀ dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má ga gọ̀gọ̀rọ̀, èyí tó bá sì dẹ̀, tó lọ tààrà, á na ara rẹ̀ gba orí ibojì kọjá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí gbólóhùn náà. “Kò sẹ́ni tó máa máa gba orí bàbá mi kọjá,” ni wọ́n wí. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni àtẹ̀gùn onírin tó ń yí òpó kan po, èyí tó lè dúró sí igun láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kí n lè mọ bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, mo ní kí Màmá dúró lórí àpótí tí wọ́n fi ń jókòó dáná, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n sọ̀ láìmì. Mo wọn àpótí náà. Mo sọ fún wọn pé ìpele kankan kò ní ga jù ú lọ, Màmá sì fi ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tó ń purọ́ wò mí.

Nígbà tí mo padà dé Itamaga ni wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Ètò ìyàwòrán tí a ń lò kò mọ bí a ṣe ń ya ohun tó ń yí tó tún ń gòkè. Ó mọ ìlà, ó mọ ohun róbótó, ó parí síbẹ̀. Bí o bá fẹ́ nǹkan bíi sípíríǹgì, ìwọ fúnra rẹ lo máa kọ ìlànà fún un: yí díẹ̀, gòkè díẹ̀, gbé ìpele kan kalẹ̀, tún un ṣe. Mo kọ ọ́. Lókè ìlànà náà ni mo to àwọn nọ́ńbà tó ń darí ohun gbogbo sí, mo sì fi Yorùbá sọ wọ́n lórúkọ, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi ọwọ́ kàn wọ́n. Gíga ni láti ilẹ̀ dé òkè. Fífẹ̀ ni bí ó ṣe jìnnà tó sí òpó àárín. Ìyípo ni bí ó ṣe máa yí tó kó tó délẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ó dojú kọ lókè. Ọwọ́ ni apá ibi tó ń yí sí, bóyá ọ̀tún tàbí òsì. Bí mo bá yí ọ̀kan padà nínú wọn, gbogbo àtẹ̀gùn náà á pòórá, á sì tún ara rẹ̀ yà lójú mi látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́, mo pariwo. Ọ̀gá mi rò pé kọ̀ǹpútà ti gbiná.

“Ìgbín rèé o,” ni ọ̀gá mi wí nígbà tí wọ́n rí i láti òkè. “Àtẹ̀gùn ìgbín. Ìyá yín á máa fà lọ díẹ̀díẹ̀.” Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ọ̀gá mi fẹ́ mọ bí wẹ́dà tó máa jó irin náà pọ̀ ṣe máa tẹ irin ìdìmú, èyí tí èèyàn ń dì mú bó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, tí kò fi ní dà bíi wáyà tí mọ́tò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gé bébà kan, mo fa ìlà kan tó dagun láti igun kan dé ìkejì, mo wé bébà náà mọ́ agolo mílíìkì. Ìlà náà yí agolo po, ó ń gòkè. Mo tú bébà náà, ó padà di ìlà tó tọ́. Ọ̀gá mi mú agolo náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wé e, wọ́n tú u, wọ́n tún wé e. Bí àwa náà ṣe ṣe é fún wẹ́dà nìyẹn: bébà pélébé pélébé tí mo tẹ̀ jáde, tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí wẹ́dà wé mọ́ páìpù ńlá kan ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìgbògbò, tó sì ń tẹ irin tẹ̀ lé ìlà ibẹ̀. Iṣẹ́ náà lọ geere. Irin ìdìmú ni ó kọ́kọ́ tẹ̀, torí pé òun ló le jù.

Inú mi dùn, mo tẹ àwòrán náà sórí bébà, mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí Màmá lè rí i. Mo ti rò ó dáadáa, mo sì ṣàlàyé fún wọn bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ. Mo ní, “Ẹ wò ó, Màmá, bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e nísàlẹ̀, irin ìdìmú á wà lápá ọ̀tún yín títí ẹ ó fi dókè. Ọwọ́ tó lágbára ni ẹ ó fi dì í mú.”

Màmá gba bébà náà. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n gbé e súnmọ́. Wọ́n fi ìka kan tọ àtẹ̀gùn náà, àmọ́ òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

“Tí mo bá ń bọ̀ ńkọ́?”

“Tí ẹ bá ń bọ̀ báwo?”

“Òkè ni mo wà, ọmọ mi. Mo ti gòkè láti ọjọ́ pípẹ́. Ta ló ní kó o wá kọ́ mi bí mo ṣe máa gòkè?”

Ilẹ̀ ò lanu. Ìbá lanu ni, ǹ bá wọlé. Ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí mo yà, apá òsì ni irin ìdìmú máa wà fún un, lọ́dọ̀ ọwọ́ tí kò lè di nǹkan kan mú. Apá ọ̀tún, òpó nìkan ni, níbi tí ìpele ti tínrín jù lọ. Èmi, ọ̀gá mi, wẹ́dà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gbogbo wa la ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó rántí. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa wà nígbà tí a ń rò ó. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀, ìgòkè ló máa ń rò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní nǹkan ò bàjẹ́. “Kí wẹ́dà da irin náà dojú dé. Èyí tó ń yí sọ́tùn-ún á máa yí sósì.” Ọ̀gá mi sọ ohun kan náà nígbà tí mo dé Itamaga, wẹ́dà náà sọ ọ́. Ó jọ òótọ́ létí. Mo tú bírò mi, mo yọ sípíríǹgì inú rẹ̀, mo fi han ọ̀gá mi: mo dì í mú bó ṣe wà, mo dà á dojú dé, ó ṣì ń yí síbi tó ń yí sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dà á dé, wọ́n dà á ṣí, wọ́n kígbe pé àfi bí idán. Ìgbín náà ńkọ́? Gbé e dúró, da orí rẹ̀ kodò, ibi tí ìkarahun rẹ̀ ń yí sí kò ní yí padà. Inú dígí nìkan ni o ti lè rí ìkejì rẹ̀. Irin tí wẹ́dà ti fi làágùn tẹ̀ kò wúlò fún Màmá mọ́. Ó ní òun á rí ẹlòmíràn lò ó fún, àmọ́ ojú rẹ̀ ò dára sí mi lọ́jọ́ náà, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yí ọwọ́ padà. Àtẹ̀gùn náà pòórá, ó tún ara rẹ̀ yà sí apá kejì, irin ìdìmú bọ́ sí apá ọ̀tún ẹni tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Mo yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo ibi tí ìpele ìkẹyìn bọ́ sí. Orí ibojì ni.

Mo fi ọjọ́ púpọ̀ bá àwọn nọ́ńbà náà jà. Bí mo bá fi kún ìyípo kí ó lè kọjá ibojì, ìpele òkè á máa gbá Màmá lórí. Bí mo bá dín in kù, ìpele á tínrín débi tí ẹsẹ̀ tó ń wọ́ ò ní rí ibi jókòó sí. Bí mo bá fi kún fífẹ̀, ibojì náà ló tún máa gbà. Gíga ìpele ńkọ́? Mo ti ṣèlérí lórí àpótí. Wọ́n so mọ́ra bí ẹbí ni, o ò lè fọwọ́ kan ọ̀kan kí ìkejì má fẹjọ́ sùn. Nílé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń wá àwọn géńdé. Wọ́n ní Iléyá ò ní dúró de kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi tipátipá gbé Màmá, Màmá ò ní dárí jì wọ́n, kò sì ní dárí jì mí.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni n kò tíì fọwọ́ kàn, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀, torí ibi tí àtẹ̀gùn àtijọ́ ti ń dé òkè ni gbogbo wa gbà pé tuntun náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo yí i díẹ̀díẹ̀. Gbogbo àtẹ̀gùn náà ń yí lórí òpó rẹ̀, ìsàlẹ̀ ń kúrò lórí ibojì, òkè sì ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá. Ibi tó dúró sí, bí Màmá bá ṣílẹ̀kùn báyìí, ọwọ́ ọ̀tún wọn ti dé orí irin. Nísàlẹ̀, wọ́n á bọ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibojì, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ́ ẹní sí. N kò rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn nọ́ńbà ló gbé e débẹ̀, mo kàn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, omi ń bọ́ lójú mi.

Ó ku ẹyọ kan. A ní láti gé pákó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níwájú yàrá náà kí àtẹ̀gùn lè ráyè yọ síbẹ̀, pákó tí bàbá bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn tò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń fa ojú ro. Màmá dá wọn lóhùn láti inú yàrá: “Èmi àti òun la jọ tò ó. Ẹ gé e.”

Mo tún fi irin ìdìmú kékeré kan mọ́ ara òpó, fún ìgbà tí Màmá bá ń padà gòkè, torí òpó ló máa wà lápá ọ̀tún wọn nígbà náà. Mo béèrè bóyá ó máa tó wọn dì mú. “Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ ná,” ni èsì tí mo gbà.

Wẹ́dà kó àtẹ̀gùn náà dé láti Ìgbògbò nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì tò ó pọ̀ kí Iléyá tó dé. Ní àárọ̀ Iléyá, gbogbo ẹbí dúró nísàlẹ̀, a gbójú sókè. Màmá jáde nínú aṣọ funfun. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé fẹ́ lọ dì wọ́n mú, Màmá fi ojú lé e padà. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé irin, wọ́n pe Bísímílà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì sọ̀ kalẹ̀, ọ̀tún tẹ̀ lé e. Wọ́n yí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n tún yí, a rí ojú wọn. Mo ń kà á nínú mi bí ẹni tó ń tọ́ ọmọ sọ́nà: yí díẹ̀, sọ̀ díẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀, wọ́n tú irin sílẹ̀, wọ́n wo ibojì náà.

“Mo ti dé o,” ni Màmá wí fún un. “Àwọn ọmọ rẹ ò gbé mi.”

A gbàdúrà, a kírun, a pa àgbò. Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá Màmá níbi tí wọ́n jókòó sí, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gòkè kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n fi irin kékeré ara òpó hàn wọ́n. Màmá wò mí bí ìgbà tí mo wọn àpótí.

“Gòkè lọ ṣe kí ni? Sọ fún wọn kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi wá sí yàrá ìsàlẹ̀.”

Inú bí mi. Mi ò ní purọ́, inú bí mi gan-an. Irin kékeré náà gba gbogbo ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi. Yàrá tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n lọ gbé, lẹ́yìn gbogbo làálàá wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mi orí títí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Ìkòròdú.

Màmá gbé yàrá náà fún ọdún mélòó kan, wọn ò sì gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn náà mọ́. Àwọn ọmọdé ló ń sá gòkè sá sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, tí ó ń dún gbàngbàn. Àárọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí lórí fóònù. Mo dé Ẹ̀pẹ́ kí oòrùn tó mú. Àwọn obìnrin ilé ti wẹ Màmá, àwọn ọkùnrin kírun sí wọn lára, a sì sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ́ ẹní sí. Nígbà tí wọ́n ń gbé wọn jáde ní yàrá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo òkè, wọ́n wo àtẹ̀gùn náà, wọ́n wá wo èmi.

“Kò sẹ́ni tó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀,” ni wọ́n wí.